Èéfín Inú Àyà Ọdẹ́yẹmí

Ẹ sún mọ́ ara yín, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, nítorí n kò ní pariwo fún ẹnikẹ́ni lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán báyìí. Ẹni tó sì mọ̀ pé òun á máa bi mí pé ṣé òótọ́ ni, ọ̀nà ilé rẹ̀ kò dí. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí eyín mi ti ń dínkù, mo ti dojú kọ ẹfọ̀n ní pápá nígbà tí kò sí ẹtù nínú ìbọn mi, mo sì lé e padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ọdẹ́yẹmí ni, ọdẹ abúlé wa yìí kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún mi kó tó di olóògbé.

Ọdẹ́yẹmí kì í ṣe ọdẹ lásán. Tó bá gbẹ́nu lé ìjálá, ẹni tó ń gúnyán á gbàgbé ọmọ odó sínú odó. Tí ọdẹ kan bá sì kú, òun náà ni wọ́n máa ń pè pé kó wá sun ìrèmọ̀jé, orin ẹkún tí a fi ń sin ọdẹ tó lọ. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Àkànó lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí hù lágbọ̀n wọn ni wọ́n ti jọ ń wọgbó. Bí o bá rí ọ̀kan lójú ọ̀nà, wàá dúró díẹ̀ kí o tó kí i, nítorí èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn, o ò sì ní fẹ́ kí ìkíni ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ ọ́.

Ní ọdún kan, Ọdẹ́yẹmí wọgbó, Àkànó dúró sílé nítorí pé ibà ń ṣe é. Ibà lásán ni gbogbo wa pè é. Kí Ọdẹ́yẹmí tó padà dé, a ti sin Àkànó. Ilẹ̀ ojú oórì náà ṣì tutù nígbà tó débẹ̀ pẹ̀lú ìbọn léjìká. Kò sunkún. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó dára," ó sì wọlé lọ wẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Tí ọdẹ bá kú, a máa ń ṣe ìṣípà fún un. A ó kó àpò rẹ̀, aṣọ ọdẹ rẹ̀ àti àwọn ohun èlò rẹ̀ jọ, a ó sun ìrèmọ̀jé sí i, a ó sì kó ẹrù náà lọ sínú igbó, kó lè mọ̀ pé a ti tú òun sílẹ̀ láàárín àwa tó kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu. Tí a kò bá ṣe é, òkú ọdẹ náà kò ní lè dé ọ̀run, kò sì ní lè padà wá sílé. Àárín ọ̀nà ni yóò máa rìn.

Ọjọ́ ìṣípà Àkànó pé. Gbogbo ọdẹ jókòó. Olúọdẹ wa, Ògúntọ́lá, nawọ́ sí Ọdẹ́yẹmí. Ọdẹ́yẹmí dìde, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ó tún un là. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, síbẹ̀ kò sí nǹkan kan. Olúọdẹ ní kí a lọ sílé, kí a padà wá lọ́jọ́ mìíràn. A padà wá, bákan náà ni. Wọ́n fún un ní oyin, wọ́n fún un ní orógbó, ó jẹ orógbó títí ahọ́n rẹ̀ fi kú. Tó bá fẹ́ kí èèyàn, ohùn ń bẹ. Tó bá fẹ́ pe Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ohùn ń bẹ. Ìrèmọ̀jé Àkànó nìkan ni kò jáde.

Nǹkan sì ti ń bàjẹ́ lábúlé. Àwọn ajá ọdẹ kò wọgbó mọ́. Tí wọ́n bá dé etí igbó, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa hu. Opó Àkànó ní òun máa ń gbọ́ láàárọ̀ tí ẹnìkan ń gbé ìbọn kúrò lára ògiri, tí á tún gbé e kọ́ padà, bí ẹni tó fẹ́ jáde tí kò mọ ibi tó ń lọ. Olúọdẹ bá ránṣẹ́ pe Ọdẹ́yẹmí.

"Ọdẹ́yẹmí, ọkùnrin yẹn ń jìyà," ó ní. "Kò rọ́nà lọ. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí o kò tíì sun ún, ilẹ̀kùn ti sé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún lè tú u sílẹ̀ mọ́."

"Bàbá, mo gbọ́. Kí lẹ ní kí n ṣe?"

"Ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Àdáwà, Ìlú Fihànmí ni wọ́n ń pè é. Ìyá àgbà kan ń gbébẹ̀, Ìyá Abéèrè. Àwọn tí nǹkan há sí nínú ló ń lọ bá a. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ọwọ́ wọn ti kú náà ń lọ bá a. Kì í fúnni lóògùn o."

"Kí ló wá máa ń fúnni?"

"Tí mo bá mọ̀, ǹ bá ti sọ fún ọ. Dìde, máa lọ."

Ohun kan wà tí Ọdẹ́yẹmí kò sọ fún Olúọdẹ, tí kò sọ fún Àwẹ̀ró pàápàá. Láti ìgbà tí Àkànó ti kú, tó bá ti wọgbó, ó máa ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ìrìn náà. Ẹsẹ̀ òsì á máa wọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ejò ti bu Àkànó jẹ níbẹ̀ rí. Tí Ọdẹ́yẹmí bá dúró, ìrìn náà á dúró. Tó bá bojú wẹ̀yìn, kò sí èèyàn. Kò bẹ̀rù rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ìyẹn nìkan ni ohun tó kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn láyé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Bó ṣe rin ọ̀nà náà kò kàn yín. Ẹ̀yin náà ti rin ọ̀nà rí. Igbó Àdáwà ni kí á sọ. Ìró kì í rìn jìnnà nínú igbó náà. Igi ńlá á wó, o kò ní gbọ́ ju ìgbà tí ewé bọ́ sílẹ̀ lọ. Àwọn iwin tó ń gbébẹ̀ pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló dá iná tirẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí iná ẹlòmíràn. Ọdẹ́yẹmí bá ọ̀kan níbi tó ti ń sun iṣu jẹ, ó kí i. Iwin náà gbé iṣu rẹ̀, ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kí òmíràn, ìyẹn da ewé bo iná rẹ̀ kí àlejò má baà yá a. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó lé e. Wọn ò kàn fẹ́ mọ̀ pé ó wà ni, ìyẹn sì dùn ún ju kí wọ́n sọ òkúta lù ú lọ. Ìrìn ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló fi mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ èèyàn.

Ibi tí igbó náà ti fẹ́ tán ló ti pàdé Onípàkọ́. Ẹ̀yin ará, mo ti rí iwin tó ń gbé orí rẹ̀ sábẹ́ abíyá, mo ti rí èyí tó ń fi etí mumi, mo sì kí àwọn méjèèjì dáadáa. Ti èyí tún yàtọ̀. Kò ní ojú. Ìpàkọ́ ló wà níwájú, ìpàkọ́ ló wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló wà níhìn-ín, ẹ̀yìn ló tún wà lọ́hùn-ún. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó dí ọ̀nà.

"Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn mi gbálẹ̀," ni iwin náà wí.

Ọdẹ́yẹmí gbé ìbọn sílẹ̀, ó ká apá aṣọ. Wọ́n wọ ìjà. Ó gbé iwin náà lókè, ó dá a, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ gbì. Iwin náà ní, "Ṣé o rí ẹ̀yìn mi lókè níhìn-ín? Kò tíì kan ilẹ̀." Ọdẹ́yẹmí yí i padà, ó tún dá a. Iwin náà ní, "Wo èkejì náà lókè." Wọ́n jà títí oòrùn fi yẹ̀ lórí wọn. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti gbẹ́ kòtò, ǹ bá gbé e sí i ní ìnàró, kí n wa ilẹ̀ dí i, kí ilẹ̀ kan ẹ̀yìn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló wà níbẹ̀, Ọdẹ́yẹmí ni, kò sì rí ẹni tó lè fún un nímọ̀ràn.

Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, iwin náà jókòó. "N kò ní ojú tí mo lè fi wò ọ́," ó ní. "Sọ fún mi, báwo lo ṣe rí?"

Ọdẹ́yẹmí gbá àyà. "Èmi Ọdẹ́yẹmí, ọmọ ọdẹ tó ń jí erin lójú oorun, ọmọ ẹkùn abìjàwàrà tó..."

Iwin náà yán. "N kò bi ọ́ léèrè ìran bàbá rẹ. Gbogbo ọdẹ tó gba ibí kọjá ló sọ ti ẹkùn fún mi. Ó ti sú mi." Ó na ìka sí ẹ̀yìn Ọdẹ́yẹmí. "Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn ńkọ́?"

Ọdẹ́yẹmí bojú wẹ̀yìn kíá. "Ṣé ìwọ náà ń gbọ́ ọ?"

"Gbogbo ara mi ni ẹ̀yìn, báwo ni n kò ṣe ní gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn? Ìwọ, dúró síbí. Níbí, a kì í kọrin lé òkú lọ. Ẹ ó jọ máa rìn kiri, ìwọ níwájú, òun lẹ́yìn, títí láé. O kò ní rí ojú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n wàá máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín, Ọdẹ́yẹmí fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ó jókòó síbẹ̀, ó wo àwọn iná kéékèèké tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn káàkiri igbó náà, ó rò ó pé òun náà lè dá tòun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó gbé e dìde ni ọ̀rọ̀ Olúọdẹ, pé ọkùnrin yẹn ń jìyà. Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó yà gba ẹ̀gbẹ́ iwin náà kọjá, ìyẹn kò sì tún dí i lọ́nà.

Ìlú Fihànmí kò ní odi. Ohun tó bá wà nínú èèyàn ló máa ń jáde síta níbẹ̀, tí á máa bá a rìn. Ọdẹ́yẹmí rí obìnrin kan tó ń wọ́ ilẹ̀kùn kan kiri, kò sí ilé lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó rí bàbá arúgbó kan tí òròmọdìyẹ kan ń tọ̀ lẹ́yìn, tí bàbá náà sì ń sá fún un. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹnìkejì rẹ́rìn-ín. Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á yà fún ẹrù ara wọn, wọ́n á kọjá.

Ìyá Abéèrè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá kékeré ni, èèyàn lè rò pé ọmọdé ló wọ aṣọ àgbà. Ọdẹ́yẹmí dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Kí lo gbé wá?"

"Mi ò gbé nǹkan kan wá, Ìyá."

"Ọrùn rẹ tẹ̀ gan-an fún ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Níbo ló wà?"

Ọdẹ́yẹmí fọwọ́ lé àyà. "Ibí yìí ló ti dí. Mi ò lè sun ìrèmọ̀jé ọ̀rẹ́ mi."

"Ó dí. Nígbà tó dí báyẹn, kí ló jọ?"

Ẹ gbọ́ o, ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń sun ìjálá pé kí ni nǹkan jọ, kí ló máa sọ? Ẹnu rẹ̀ ti kún fún ohun tí nǹkan jọ. Àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti wá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó kàn ń mú wọn jáde ni. Kò tilẹ̀ ronú.

"Erin ni," Ọdẹ́yẹmí wí. "Erin ajanàkú ló jókòó lé mi láyà."

Kò tíì pa ẹnu dé tí erin fi dúró sí àgbàlá, eyín rẹ̀ gùn dé ilẹ̀. Ọdẹ kì í bi ẹran léèrè ohun tó bá wá. Ọdẹ́yẹmí ki ìbọn, ó yìn ín, erin wó lulẹ̀. Nígbà tó là á, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìfun, òfìfo ni. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀.

"Ó ṣì dí," ó ní.

"Ó ṣì dí. Kí ló jọ?"

"Ẹkùn ni!" Ẹkùn dé. Ó pa á, òfìfo ni. "Àpáta ni, àpáta ràbàtà!" Àpáta já bọ́ láti òkè, ó fọ́ ilé ewúrẹ́ ìyá náà túútúú, ewúrẹ́ sì fẹsẹ̀ fẹ. Àwọn ará ìlú tú jáde, wọ́n ní ṣé àlejò yìí fẹ́ fi òkú ẹran tí kò ṣe é jẹ kún ìlú fún àwọn ni.

Ìyá Abéèrè kò pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ tó fọ́n káàkiri. "Ọmọ mi, erin yẹn, ta ló ni ín?"

"Àwọn bàbá wa ni. Inú ìjálá ni mo ti bá a."

"Erin dáadáa ni. Ẹkùn náà dára. Ṣé inú rẹ ni wọ́n ń gbé?"

Inú bí Ọdẹ́yẹmí. "Ìyá, ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n wá bá. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi, kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò wọbẹ̀ rí," ni ìyá náà wí. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Wọ́n fi Ọdẹ́yẹmí wọ̀ sílé ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Pópóọlá. Kànga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì ọkùnrin náà, kànga tó ti gbẹ, etí rẹ̀ gan-an ló jókòó sí tó ń hunṣọ.

"Ṣé tìrẹ ni kànga yìí?" Ọdẹ́yẹmí bi í.

"Tèmi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ọwọ́ mi ti kú, n kò lè hun nǹkan kan. Kànga yìí bá jáde. Mo fẹ́ fi òkúta dí i. Ìyá ní kí n kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ ná."

"Kí lo rí?"

"Òkùnkùn, àti ilẹ̀ pupa lára ògiri rẹ̀." Pópóọlá gbé aṣọ tó wà lórí òfì sókè. Dúdú ni, òwú pupa tín-ín-rín gba ara rẹ̀ kọjá. Aṣọ náà dára débi pé Ọdẹ́yẹmí fọwọ́ pa á. "Kò tíì lómi o," ni ahunṣọ náà wí. "Ó sì ń bà mí lẹ́rù lójoojúmọ́. Mo kàn ń jókòó tì í ni."

Ọdẹ́yẹmí na ara rẹ̀ sórí ẹní. Láti ìgbà tó ti wọ ìlú náà, kò gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Àwọn ará ìlú ní ẹrù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ahunṣọ ní kànga rẹ̀, òun kò ní nǹkan kan. Abúlé jìnnà, Àwẹ̀ró jìnnà, ẹni tí ì bá ráhùn fún sì wà nínú ilẹ̀. Ó dá wà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bá ìbọn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé òjò ti ń ṣú ní apá ibi tí abúlé wa wà. Ó lọ dágbére fún Ìyá Abéèrè. Ẹ̀gúsí ni ìyá náà tún ń bó.

"Ìyá, mo ń lọ. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ẹ fún mi lómi kí n mu, èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ìyá Abéèrè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò dáná láàárọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó dáná nítòsí. Ó gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Èéfín," ó ní. "Irú èéfín wo ni?"

"Èéfín lásán ni, Ìyá. Èéfín igi tútù."

"Igi tútù. Níbo ni èéfín igi tútù yẹn ti ń wá?"

Ọdẹ́yẹmí fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Ó di ojú rẹ̀. "Láti abẹ́ pẹpẹ ni. Pẹpẹ tí a fi ń yan ẹran nínú ahéré."

"Kí ló wà lórí pẹpẹ náà?"

"Apá ẹran kan ni." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá, ó kéré. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

"Apá ẹran kan tó kéré. Ta ló ń koná sí i?"

Ọdẹ́yẹmí la ojú. "Èmi ni."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ahéré kékeré kan yọ ní àgbàlá, èéfín ń gba orí koríko rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà níbí, ara yín ti sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Àwa ọdẹ tó ń jọ rìn, tí ọ̀kan bá pa ẹran nígbà tí èkejì kò sí níbẹ̀, apá iwájú ẹran náà ti èkejì ni. Ẹni tó pa á á yan án dè é. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná kú lábẹ́ rẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi wá gbà á. Àgbọ̀nrín kan ni Ọdẹ́yẹmí pa nígbà tí ibà dá Àkànó dúró sílé. Àwẹ̀ró ti se ẹran yẹn gan-an fún àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àyà Ọdẹ́yẹmí, apá ti Àkànó ṣì wà lórí pẹpẹ, iná sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ Ọdẹ́yẹmí ti lọ síbi ìbọn. Kò rí ohun tó lè yìn. Ẹran náà ti kú tẹ́lẹ̀. Ó gbé ìbọn ti ògiri.

"Kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ báyìí?" ni Ìyá Abéèrè béèrè.

"Mo fẹ́ wọlé."

"Wọlé."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ inú ahéré náà. Èéfín dí ojú rẹ̀. Ó jókòó ti iná, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ti igi sí i láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Ó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lóde, ti òsì ń wọ́lẹ̀. Ìrìn náà kò dúró lẹ́yìn rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó yí ahéré ká, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Àkànó sì jókòó sí òdìkejì iná.

Ọdẹ́yẹmí rí ojú rẹ̀. Ojú náà pọ́n, omi ń dà lára rẹ̀ pòròpòrò, Àkànó sì ń wúkọ́.

"Àkànó."

"Ọdẹ́yẹmí, ojú ń ta mí," ni Àkànó wí. "Ìgbà wo lo fẹ́ koná yìí dà?"

"Mò ń tọ́jú ẹran rẹ dè ọ́ ni."

"Mo mọ̀. Tí mo bá ti ní kí n máa lọ, màá rí èéfín. Màá ní ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí, màá sì yí padà. N kò rí ọ̀nà náà mọ́ báyìí. Ojú mi ti kún fún un."

"N kò mọ̀ pé ó ń pa ọ́ lára." Ọdẹ́yẹmí fi ọwọ́ nu ojú. "Ká ní mo mọ̀, Àkànó..."

Àkànó rẹ́rìn-ín ná, kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹran yẹn ti gbẹ jù pàápàá. Ta ló fẹ́ fi eyín fọ́ ọ? Ìwọ, jẹ ẹ́."

"Tí mo bá jẹ ẹ́, tí mo sì pa iná, ṣé wàá ṣì máa tẹ̀lé mi wọgbó?"

"Rárá."

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ńkọ́?"

"Rárá, ọ̀rẹ́ mi."

Ẹ̀yin ará, mo ti gbéraga níwájú yín láti ìgbà tí a ti jókòó, ẹ sì ti gbà mí láyè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe nínú igbó, kò sí èyí tó le tó ohun tí Ọdẹ́yẹmí ṣe níbẹ̀. Ó mú ẹran náà kúrò lórí pẹpẹ, ó jẹ ẹ́. Ó korò fún èéfín. Ó rọra ń jẹ ẹ́ kó má baà tètè tán, Àkànó sì ń wò ó láìkán an lójú. Nígbà tó tán, Ọdẹ́yẹmí fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wa ilẹ̀, ó dà á lé iná. Èéfín fẹ́lẹ́, ó tún fẹ́lẹ́ sí i, ó pòórá. Òdìkejì iná ti ṣófo.

Ó bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ní àgbàlá Ìyá Abéèrè, erùpẹ̀ lọ́wọ́. Ẹkún bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹkún tó yẹ kó ti sun lójú oórì. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí Pópóọlá fi sáré kúrò nídìí òfì wá wò ó. Ìyá Abéèrè kò sọ pé kó pẹ̀lẹ́, kò sọ pé kó dákẹ́. Ó bu omi fún un, ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Òun àti òjò tó ń ṣú ló jọ sáré wọ abúlé. Ìkùukùu ti dúdú lórí wa nígbà tí Olúọdẹ pe gbogbo ọdẹ jọ lọ́sàn-án yẹn. Mo wà níbẹ̀. A kó ẹrù Àkànó sílẹ̀, opó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdẹ́yẹmí dúró, kò gbá àyà, kò fẹ ojú. Ó la ẹnu, ó ní:

"Àkànó, mi ò ní pè ọ́ lérin,
Erin kò mọ̀ ọ́.
Mi ò ní pè ọ́ lẹ́kùn,
Ẹkùn kò bá ọ jẹun rí.
Àkànó tí ẹsẹ̀ òsì rẹ ń wọ́lẹ̀,
Àkànó tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀,
Mo ti jẹ apá ẹran rẹ, mo jẹ ẹ́ tán.
Ọwọ́ mi ni mo fi bo iná.
Bí o bá bojú wẹ̀yìn, o kò ní rí èéfín,
Ọ̀nà rẹ ti mọ́, ojú rẹ ti mọ́,
Ọ̀rẹ́ mi, máa lọ."

Àwọn àgbà ọdẹ kan wo ara wọn, nítorí a kò gbọ́ irú ìrèmọ̀jé bẹ́ẹ̀ rí. Olúọdẹ gbọ́wọ́ sókè pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Opó Àkànó bú sẹ́kún, ó ní, "Òun gan-an nìyẹn, òun gan-an nìyẹn." Èmi náà, kòkòrò kan kó sí mi lójú. Mo ní kòkòrò ni. A gbé ẹrù náà, a wọgbó, àwọn ajá sì ṣáájú wa, wọ́n ń ju ìrù. Orí ọ̀nà àbọ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ ti ká wa mọ́.

Ó ku díẹ̀, ẹ má tíì dìde. Nígbà tí òjò náà dá, Ọdẹ́yẹmí gbé ìbọn kọ́ èjìká láàárọ̀. Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀ lójúde.

"Baálé mi, ẹ kú ìmúra," ó ní. "Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń lọ?"

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ti ń bi í ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì ti ń fún gbogbo èèyàn. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́. Ó pa á dé, ó gbé ìbọn sí èjìká kejì.

"Èmi nìkan ni," Ọdẹ́yẹmí wí.

Àwẹ̀ró gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì sìn ín dé etí igbó.